Iṣan Kan, Àìsàn Méjì: Ìtàn Ọ̀nà Tí Ẹ̀rọ Ń Gbà Wọ Inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ kíndìnrín kò lè fọ ẹ̀jẹ̀ tí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde nínú ara, kí ó gba inú ẹ̀rọ kọjá, kí ó sì padà sínú ara, nǹkan bí 300 sí 400 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan, fún bíi wákàtí mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Iṣan tí nọ́ọ̀sì fi ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn fífọ ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní dàyálísísì, fi jẹ́ ìtàn ojú ọ̀nà ju ìtàn ẹ̀rọ lọ. Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà, nítorí pé iṣan ni oògùn jẹjẹrẹ pàápàá ń gbà wọlé, iṣan kan náà sì ni àìsàn méjèèjì ń dù.

Oríṣi iṣan méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Iṣan àlọ ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara; ó nípọn, ó sápamọ́ sínú ẹran, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì ń fi agbára sáré. Iṣan àbọ̀ ni ó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn. Òun ni ó máa ń hàn lábẹ́ awọ, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì ń rọra lọ ni. Èyí tí ó lágbára kò ṣeé gún léraléra, èyí tí ó ṣeé gún kò lágbára. Ohun gbogbo tí àwọn oníṣègùn ti dá lórí ọ̀ràn yìí láti ọdún 1913 wá, ibi wàhálà yìí ni ó ti jáde.

Ọdún 1913 yẹn ni John Jacob Abel àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Leonard Rowntree àti Benjamin Turner, fa ẹ̀jẹ̀ ajá gba inú àwọn túùbù tín-ín-rín tí wọ́n rì sínú omi oníyọ̀, tí wọ́n sì dá a padà sínú ajá náà láàyè. Ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore ni, ní Amẹ́ríkà. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ẹnu túùbù tí wọ́n kì bọ iṣan ajá. Kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lójú ọ̀nà, wọ́n lo hirudin, èròjà kan tí wọ́n ń fún jáde láti orí eṣúṣú, kòkòrò omi tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Nǹkan tí eṣúṣú fi ń mu ẹ̀jẹ̀ láìdì ni wọ́n yá lò.

Georg Haas ní ìlú Giessen ní Jámánì ni ó gbé iṣẹ́ náà dé ara ènìyàn, ní ọdún 1924. Ìṣẹ́jú 15 péré ni ìfọ̀ àkọ́kọ́ náà gbà. Gíláàsì ni òun náà kì sínú iṣan àlọ ọrùn ọwọ́ àti iṣan àbọ̀ ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1928, ó ti pa hirudin tì nítorí májèlé tí ó máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì ti mú hẹ́párìn, oògùn tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ní Johns Hopkins ní 1916. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà oníṣègùn ìgbà náà kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó sì fi í sílẹ̀.

Orúkọ tí ayé mọ̀ jù nínú ìtàn yìí ni ti Willem Kolff, dókítà ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tí ó kan ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ìlú kékeré Kampen nígbà tí àwọn sójà Jámánì gba ilẹ̀ wọn nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Awọ sẹ́lófèènì tí àwọn alápatà fi ń di sọ́séèjì ni ó wé mọ́ àgbá tí ń yí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1943, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ obìnrin ọlọ́dún 29 kan tí kíndìnrín rẹ̀ ti sunkì. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ara obìnrin náà sì máa ń yá lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìfọ̀ kan, iṣan kan ni: wọ́n á la awọ, wọ́n á kì gíláàsì bọ iṣan, bí wọ́n bá parí, wọ́n á di iṣan náà pa, kò sì ní wúlò mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ku iṣan kan tí wọ́n lè lò, obìnrin náà sì kú. Ẹ̀rọ kọ́ ni ó kùnà, ojú ọ̀nà ni ó tán. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945 kí ẹni àkọ́kọ́ tó ye lọ́wọ́ Kolff, ìyá ọlọ́dún 67 kan tí kíndìnrín tirẹ̀ kọṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tí ó sì padà jí.

Ìyàtọ̀ àwọn obìnrin méjì yìí ni òfin fífọ ẹ̀jẹ̀ fún ọdún 15 tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ yóò jí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹ̀rọ wà fún, irú bí àwọn sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣèṣe nínú Ogun Kòríà. Ẹni tí tirẹ̀ ti kú pátápátá kò ní ìtọ́jú. Nils Alwall ní ìlú Lund ní Sweden gbìyànjú ní ìparí ẹ̀wádún 1940 láti fi gíláàsì àti rọ́bà so iṣan àlọ pọ̀ mọ́ iṣan àbọ̀ lára ehoro, kí ọ̀nà náà lè wà ní ṣíṣí; lára ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀.

Seattle ni ìdè náà ti já. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Washington láti ìlú Spokane. Àwọn dókítà rò pé kíndìnrín rẹ̀ yóò jí. Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó dìde jókòó, ó ń sọ̀rọ̀; àyẹ̀wò wá fi hàn pé kíndìnrín náà ti kú. Kò sí ohun tí ó kù ju pé kí wọ́n ní kí ó máa lọ ilé lọ dúró de ikú. Ọ̀rọ̀ yìí kò tán lọ́kàn Belding Scribner, dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ó jí pẹ̀lú èrò tí ó ń wá: kí wọ́n má ṣe yọ túùbù mọ́ lẹ́yìn ìfọ̀. Kí ọ̀kan wà nínú iṣan àlọ, kí ọ̀kan wà nínú iṣan àbọ̀, ní apá. Bí ìfọ̀ bá parí, kí wọ́n so ẹnu méjèèjì pọ̀ níta awọ, kí ẹ̀jẹ̀ máa ti inú ọ̀kan ṣàn sínú èkejì tọ̀sán-tòru. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn kì í tètè dì.

Ohun tí Alwall kò ní ni Scribner rí lò, èyíinì ni Teflon, ohun èlò tuntun tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ti fi páànù Teflon dín ẹyin yóò mọ ìdí rẹ̀. Wayne Quinton, tí ń ṣe ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn náà, ni ó wá bí a ṣe ń fi iná tẹ túùbù náà kọdọrọ. Oníṣẹ́ abẹ David Dillard ni ó sì fi í sí apá Clyde Shields, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Boeing, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1960. Shields gbé ọdún 11 láyé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Ayọ̀ yìí bí ìbéèrè burúkú kan: ta ni kí wọ́n fún? Ẹ̀rọ kò tó. Ní ọdún 1962, Seattle gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kalẹ̀, tí oníwàásù, agbẹjọ́rò, ìyàwó ilé àti òṣìṣẹ́ báńkì wà nínú wọn, láti pinnu ẹni tí yóò yè. Ìwé ìròyìn Life kọ nípa wọn lọ́dún náà, ariwo sì ta. Ohun tí ariwo náà bò mọ́lẹ̀ ni pé àwọn dókítà ti kọ́kọ́ sẹ́ àwọn aláìsàn kí orúkọ wọn tó dé iwájú ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó bá ní àìsàn ńlá mìíràn mọ́ ti kíndìnrín kì í kọjá asẹ́ yẹn. Níbẹ̀ ni ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ti já. Ó pẹ́ kí ìlẹ̀kùn náà tó ṣí, owó sì wà lára ohun tí ó ṣí i: òfin ọdún 1972 tí ó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà máa san owó fífọ ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn pa iṣẹ́ ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Túùbù Scribner náà ní àbùkù tirẹ̀. Ó yọrí síta awọ, kòkòrò àrùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí ó bá yọ lójú oorun, ẹ̀jẹ̀ lè pa ènìyàn. Oṣù mélòó kan ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lò kí ẹ̀jẹ̀ tó dì í pa. Ní Royal Free Hospital ní London, Stanley Shaldon gba ọ̀nà mìíràn ní 1961: ọgbọ́n tí Sven-Ivar Seldinger ti Sweden fi hàn ní 1953, tí a fi ń ti kátẹ́tà, túùbù tín-ín-rín kan, gba orí wáyà wọ inú iṣan láìla awọ, ni ó fi kì kátẹ́tà bọ iṣan ìsàlẹ̀ itan. Ọgbọ́n Seldinger yìí kò kúrò nílẹ̀ títí di òní.

Ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Bronx, New York, ni ojútùú tí ó tọ́jọ́ jù ti wá, kò sì sí Teflon tàbí rọ́bà nínú rẹ̀ rárá. James Cimino ti ṣiṣẹ́ gbígba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn olùfúnni lẹ́jẹ̀ ní Bellevue Hospital nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó mọ bí iṣan àbọ̀ ṣe ń wú bí wọ́n bá di apá pinpin. Òun àti Michael Brescia kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa gún iṣan àbọ̀ tí wọ́n dì bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń wá kò sì tó fún gbogbo aláìsàn. Wọ́n wá rántí ohun àtijọ́ kan. William Hunter ti kọ ọ́ ní London ní ọ̀rúndún kejìdínlógún pé bí abẹ àwọn tí ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde láti wo àìsàn bá ṣèèṣì lu iṣan àlọ àti iṣan àbọ̀ pọ̀, iṣan àbọ̀ á wú, á le, ẹ̀jẹ̀ á sì máa sáré nínú rẹ̀. Ọta ìbọn ti ṣe irú rẹ̀ sára àwọn sójà. Aláìsàn a sì máa gbé ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá lè ṣe é láìmọ̀ọ́mọ̀, ọ̀bẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Appell ni oníṣẹ́ abẹ wọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1965, ó rán iṣan àlọ ọrùn ọwọ́ aláìsàn kan mọ́ iṣan àbọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ṣí ojú ọ̀nà láàárín méjèèjì. Iṣan àbọ̀ náà wú, ó nípọn, ó súnmọ́ awọ, ó sì ṣeé fi abẹ́rẹ́ ńlá gún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Físítúlà ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹni tí ó bá gbé ìka lé e yóò mọ̀ ọ́n lára bí ẹni pé oyin há sábẹ́ awọ. Nínú 14 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, 12 ni ó dára, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1966. Láàárín ọdún méjì sí i, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Jámánì ti ń tún ìrán rẹ̀ ṣe. Fún ẹni tí iṣan rẹ̀ kò dára tó, James May ní Sydney lo iṣan itan aláìsàn fúnra rẹ̀ ní 1969. Ní 1976, L. D. Baker ní Phoenix ròyìn iṣan àtọwọ́dá tí wọ́n fi Teflon kan tí wọ́n fà gùn ṣe. Teflon tí ó kúrò lóde awọ tún wọ abẹ́ awọ padà nìyẹn.

Ilé ìwòsàn mìíràn tí àwọn ọkùnrin Bronx méjèèjì ti ṣiṣẹ́ ṣe pàtàkì fún ìtàn yìí. Brescia àti Cimino gba iṣẹ́ ní Calvary Hospital, ní Bronx kan náà, ilé ìwòsàn tí ó ti wà láti 1899 fún àwọn tí ikú ti súnmọ́, tí ó sì gba orúkọ fún ìtọ́jú àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti wọ̀ wọ́n lára. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ayé wọn. Àwọn tí wọ́n la ọ̀nà tí ó tọ́jọ́ jù sínú ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n fi ọdún púpọ̀ tọ́jú àwọn tí kò ní ọdún púpọ̀ mọ́.

Ní Seattle, àwọn oníṣègùn kíndìnrín tún ń la ọ̀nà mìíràn láìmọ̀ pé fún jẹjẹrẹ ni. Ní 1968, Henry Tenckhoff ṣe kátẹ́tà rọ́bà rírọ̀ kan fún àwọn tí ń fi omi tí wọ́n ń dà sínú ikùn fọ ara wọn, dípò kí ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó fi òrùka aṣọ Dacron sí i, kí ẹran ara lè hù wọ inú aṣọ náà, kí ó di kátẹ́tà mú, kí ó sì dí kòkòrò àrùn lọ́nà. Ní 1973, John Broviac àti Scribner fúnra rẹ̀ ti irú kátẹ́tà olórùka bẹ́ẹ̀ gba abẹ́ awọ àyà wọ iṣan ńlá tí ó lọ sínú ọkàn, láti máa fi bọ́ àwọn tí ìfun wọn kò lè gba oúnjẹ. Ní 1979, Robert Hickman, dókítà kíndìnrín àwọn ọmọdé ní ìlú kan náà, mú ti Broviac gbòòrò sí i fún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún, nínú ìtọ́jú tí E. Donnall Thomas ń darí níbẹ̀, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1990. Káàkiri ayé ni àwọn tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ ti mọ orúkọ Hickman, díẹ̀ ni ó sì mọ̀ pé dókítà kíndìnrín ni. Ní 1982, John Niederhuber ní Michigan gbé gbogbo rẹ̀ wọ abẹ́ awọ: ike kékeré kan lábẹ́ awọ àyà tí nọ́ọ̀sì ń gún, tí oògùn sì ń gba ibẹ̀ lọ.

Ohun tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ yá lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn kíndìnrín padà sílé ní ìparí ẹ̀wádún 1980. Kátẹ́tà olórùka tí wọ́n ti ń lò fún jẹjẹrẹ ni wọ́n mú gbòòrò, tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí méjì, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba ẹnu kan jáde, kí ó máa gba èkejì wọlé. Orúkọ Quinton ni ó wà lára ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde. Kátẹ́tà yìí ṣeé lò lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í sí.

Àkókò yẹn náà ni ìjà lórí iṣan bẹ̀rẹ̀. Láti 1969, nígbà tí Josef Erben ní Czechoslovakia lo iṣan abẹ́ egungun èjìká fún fífọ ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kì kátẹ́tà bọ̀, fún kíndìnrín àti fún jẹjẹrẹ, nítorí pé ó rọ àwọn dókítà lọ́rùn, kì í sì í dí aláìsàn lọ́wọ́ láti yí ọrùn. Ní ẹ̀wádún 1980 ni wọ́n rí i pé kátẹ́tà ń fi àpá sínú iṣan náà, iṣan á sì fún. Ẹni tí kò nílò ju oògùn lọ lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín rẹ̀ bá kọṣẹ́ lẹ́yìn náà, tí wọ́n sì ṣe físítúlà sí apá yẹn, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń sáré kò ní rí ọ̀nà gbà dé ọkàn, gbogbo apá á sì wú. Láti ìgbà náà, iṣan ọrùn apá ọ̀tún, tí ó lọ tààrà sínú ọkàn, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Kátẹ́tà gígùn tí wọ́n ń ti láti apá lọ sí àyà, tí ó wọ́pọ̀ ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tún ń ba àwọn iṣan tí físítúlà ì bá lò jẹ́. Kò sí ẹni tí ó gbèrò ibi. Dókítà jẹjẹrẹ ń wo jẹjẹrẹ, ti kíndìnrín ń wo kíndìnrín.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àìsàn méjèèjì kì í jìnnà síra. Jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn tí àwọn dókítà ń pè ní myeloma ń tú èròjà tí ó ń dí kíndìnrín sínú ẹ̀jẹ̀. Cisplatin, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1978, pa jẹjẹrẹ púpọ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Nígbà mìíràn, oògùn á pa jẹjẹrẹ kíákíá débi pé òkú jẹjẹrẹ náà á kún inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín kò sì ní lè gbé e. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate lè dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín dé àpò ìtọ̀; ní irú ìyẹn, túùbù tí ó tú ìtọ̀ sílẹ̀ lè jí kíndìnrín, kí ọ̀rọ̀ fífọ ẹ̀jẹ̀ má tilẹ̀ wáyé.

Ara ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ tún ní òfin tirẹ̀. Armand Trousseau ní Paris ti ṣàlàyé ní ẹ̀wádún 1860 pé ẹ̀jẹ̀ àwọn oníjẹjẹrẹ máa ń dì nínú iṣan. Jẹjẹrẹ inú ni ó sì pa òun náà. Físítúlà àti kátẹ́tà wọn a máa tètè dí. Oògùn jẹjẹrẹ sì lè dín èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dá bí wọ́n bá gún iṣan, tàbí kí ó dín àwọn ọmọ ogun ara kù, tí kòkòrò inú kátẹ́tà á fi di ikú. Obìnrin tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì yọ kókó abíyá rẹ̀, apá kejì ni wọ́n ń wò fún físítúlà, nítorí pé apá tí wọ́n ti yọ kókó rẹ̀ lè wú. Bí ike oògùn bá ti wà ní ìhà kejì náà, ibi tí ó kù kò pọ̀: itan, tàbí kí wọ́n fi omi inú ikùn fọ̀ ọ́ bí Tenckhoff ti ṣe.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ó gbẹ̀yìn, òun ni ó sì le jù. Físítúlà ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta kí ó tó gbó, àwọn kan kì í gbó rárá. Ní 2003, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó fi físítúlà ṣáájú ohun gbogbo, tí ó sì wá fẹ́ kí 66 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn máa lò ó. Ètò náà gba ọ̀pọ̀ là lọ́wọ́ àkóràn kátẹ́tà. Ṣùgbọ́n ó tún kó àwọn tí ikú ti súnmọ́ lọ sábẹ́ ọ̀bẹ fún iṣan tí wọn kò ní pẹ́ láyé tó láti lò. Ìtọ́sọ́nà tuntun tí àwọn onímọ̀ kíndìnrín ibẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 2019 yí ọ̀rọ̀ náà padà: ètò ìgbésí ayé aláìsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó yan ọ̀nà. Kátẹ́tà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú.

Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, LUTH, ní Ìdí-Àràbà, ni fífọ ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1981. Àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó náà ti ń jáde, nítorí náà kátẹ́tà ìsàlẹ̀ itan, ọ̀nà Shaldon ti 1961, ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò. Jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn obìnrin níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Ohun kan wà tí kò gba owó: kí nọ́ọ̀sì máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ láti ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́, kí ó sì fi iṣan apá tí ẹni náà kì í fi kọ̀wé sílẹ̀ láìgún un.